Bí Àwọn Ọmọ Àdúgbò Ṣe Ń Ya Máàpù Makoko

Ẹni tó bá gba Third Mainland Bridge láti Ìsàlẹ̀ Èkó bọ̀ sí Yaba yóò rí Makoko lápá òsì: ilé pákó lórí òpó, èéfín ẹja yíyan, ọkọ̀ ojú omi wẹẹrẹ. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àlàfo lásán ni ọ̀pọ̀ máàpù fi síbẹ̀. Ibi tí kò sí lórí ìwé ò ṣòro lé kúrò: ní oṣù keje 2012, wákàtí 72 péré ni ìjọba ìpínlẹ̀ fún àwọn èèyàn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé.

Ní 2019 ni àjọ Code for Africa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ máàpù níbẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin àdúgbò bí wọ́n ṣe ń darí drone, ọkọ̀ òfurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, tó ń ya fọ́tò láti òkè. Drone kì í kàn fò kiri. Ó ń lọ ó ń bọ̀ ní ìlà-ìlà bí ẹni ń kọ ebè. Fọ́tò kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ gun èyí tó ṣáájú rẹ̀, bíi páànù òrùlé, àfi pé tibí pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa: nǹkan bí ìdá 70 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Kọ̀ǹpútà ní láti rí igun òrùlé kan náà láti ibi méjì, ó kéré tán, kó tó lè ṣírò ibi tó wà gan-an. Bí ojú méjì ṣe ń ṣe fún wa náà nìyẹn. Ẹni tó bá di ojú kan, kó gbìyànjú láti ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, yóò rí i.

Tí fọ́tò bá lẹ̀ mọ́ra tán, wọ́n á jókòó ti kọ̀ǹpútà, wọ́n á máa fi ìlà yí òrùlé kọ̀ọ̀kan po lórí OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ tó ti wà láti 2004, tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe.

Ṣé fóònù ò tó ni? GPS inú fóònù ń gba àmì láti ara sátẹ́láìtì mẹ́rin, ó kéré tán, tí wọ́n wà ní nǹkan bíi 20,000 kìlómítà lókè. Ó sì lè fi mítà márùn-ún ṣì í. Lójú títì Ikorodu Road, ìyẹn ò tó nǹkan. Ní Makoko, ó lè gbé ilé ìyá ẹlẹ́ja sọdá sí òdìkejì ọ̀nà omi.

Orúkọ ló wá kù, ibẹ̀ sì ni drone kò ti wúlò. Kò mọ ilé ìwé yàtọ̀ sí ilé agbẹ̀bí. Ẹni tó gbọ́ Ègùn ni yóò wọ ọkọ̀, tí yóò máa béèrè bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀nà omi yìí, àgbà méjì sì lè pè é ní orúkọ méjì. Ilé pákó tún ń jó, wọ́n ń kọ́ òmíràn, nítorí náà máàpù tí ọmọ àdúgbò ò lè tún ṣe fúnra rẹ̀ kì í pẹ́ gbó.

Máàpù kì í ṣe C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ ti ìjọba, o. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ẹni tó fẹ́ wólé náà sì lè wo máàpù ọ̀fẹ́. Àmọ́ tí wọ́n bá ní ahéré díẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọmọ Makoko lè ṣí kọ̀ǹpútà, kó ka òrùlé fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.