Ìhà Tí Ènìyàn Kọ Sí Nǹkan: Bí Ó Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀ àti Ohun Tí Ń Mú Un Dúró

Nígbà tí àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá bá ń sọ̀rọ̀ ìhà tí ènìyàn kọ sí nǹkan, ohun tí ó rò nípa rẹ̀, bí ó ṣe rí lára rẹ̀, àti ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kàn án ni wọ́n ń pa pọ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ọmọ tí ó ń gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń yin ẹgbẹ́ òṣèlú kan lójoojúmọ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni jókòó tì í ṣàlàyé kí ó tó gba ti ẹgbẹ́ náà.

Ohun tí a kó láti ilé lè yí padà, ẹ̀rí tí ó sì tẹ́ mi lọ́rùn jù lọ ni ti ilé ẹ̀kọ́ gíga Bennington ní ìpínlẹ̀ Vermont, ní Amẹ́ríkà. Obìnrin nìkan ni wọ́n ń gbà síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, ilé olówó tí kò fẹ́ràn ìjọba Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ni ọ̀pọ̀ wọn sì ti wá, bẹ́ẹ̀ èrò àwọn olùkọ́ wọn yàtọ̀ pátápátá sí ti àwọn òbí wọn. Theodore Newcomb, tí ó ń kọ́ni níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí tọpasẹ̀ èrò wọn. Nígbà ìdìbò ààrẹ ọdún 1936, ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni ó fẹ́ Landon, ẹni tí ó ń bá Roosevelt du ipò. Láàárín àwọn tí ó wà ní ọdún kẹta àti ìkẹrin, ìdá 15 péré ni.

Ẹ̀kọ́ inú kíláàsì ní ọwọ́ nínú ìyípadà yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan, mo sì gbà pé kì í ṣe òun ni ó lágbára jù. Newcomb ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dárúkọ ẹni tí ó yẹ kí ó ṣojú ilé ẹ̀kọ́ wọn níta, ó sì rí i pé àwọn tí wọ́n dárúkọ jù ni àwọn tí èrò wọn ti jìnnà sí ti ilé. Ọmọbìnrin tí ó bá dé tuntun yóò tètè mọ irú ẹni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún, yóò sì fẹ́ dà bí i rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí kò yí padà ni ọkàn wọn ṣì so mọ́ ilé, tàbí kí wọ́n máà ní ọ̀rẹ́ púpọ̀ níbẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 25 lẹ́yìn náà, Newcomb àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún wá wọn rí, púpọ̀ wọn kò sì tíì padà sí èrò àwọn òbí wọn. Kò dájú pé wọ́n ṣì rántí àlàyé tí wọ́n gbọ́ nígbà èwe. Ọkọ tí èrò rẹ̀ bá tiwọn mu ni ọ̀pọ̀ wọn fẹ́, irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì yàn, tí ó fi jẹ́ pé nígbàkígbà tí wọ́n bá sọ tinú wọn, ẹni tí ó wà nítòsí yóò gbè é lẹ́sẹ̀, èyí tí ó bá sì ti jáde lẹ́nu ẹni lójú ọ̀rẹ́ ṣòro láti kó jẹ. Láàárín àwọn díẹ̀ tí ó padà sí èrò ilé, a rí àwọn tí ó fẹ́ ọkọ tí ó ń ronú bí àwọn òbí wọn.