Kókó Inú Ẹran: Kí Wọ́n Ya Àwòrán Kí Wọ́n Tó Mú Abẹ

Ọ̀pọ̀ kókó tó ń yọ lábẹ́ awọ kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ọ̀rá lásán ni púpọ̀ nínú wọn. Sákómà, irú jẹjẹrẹ kan tó lè yọ bíi kókó bẹ́ẹ̀, ṣọ̀wọ́n. Inú iṣan, ọ̀rá tàbí òpó ẹ̀jẹ̀ ni jẹjẹrẹ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yà rẹ̀ sì lé ní 50.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Aládìrẹ kan ní Abẹ́òkúta lè máa bẹ̀rẹ̀ sídìí ìkòkò aró lójoojúmọ́, kí itan rẹ̀ máa wú, kó sì gbà pé iṣẹ́ ló fà á. Kókó tó bá ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, tó ń tóbi sí i, tó jìn wọnú ẹran, tàbí tó tún wú lẹ́yìn tí wọ́n ti gé e, ó yẹ kí dókítà ilé ìwòsàn ńlá bíi Federal Medical Centre ní Ìdí-Abà rí i.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn là á ní kọ̀rọ̀ kan. Sákómà máa ń ní awọ fẹ́lẹ́ tó yí i ká, á dà bíi pé ibẹ̀ ló parí sí, ṣùgbọ́n ó ti ré e kọjá. Ìyókù á tún hù, ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú ẹran á sì lè gbé e dé ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀rọ ọ́ltírásáǹdì ni wọ́n sábà fi ń kọ́kọ́ wò ó. Lẹ́yìn náà ni MRI, tó ń fi agbára mágnẹ́ẹ̀tì ya bí kókó náà ṣe jìn tó, àti bóyá ó ti kan eégún tàbí òpó ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á tún fi CT, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán ya àwòrán inú ara, wo àyà, torí ẹ̀dọ̀fóró ni sákómà sábà máa ń ràn dé. Ìgbà yẹn ni wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ tó nípọn bu díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Dókítà tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ ló yẹ kó yan ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà wọlé, nítorí ó máa gé ojú ọ̀nà yẹn pọ̀ mọ́ kókó náà.

Iṣẹ́ abẹ ni òpómúléró ìtọ́jú rẹ̀. Wọ́n á yọ kókó pẹ̀lú ẹran tó dáa díẹ̀ yí ká. Èyí tó tóbi tàbí tó le máa ń gba ìtànṣán tó ń pa jẹjẹrẹ pẹ̀lú, tó bá sì ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 5, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá fẹ́ lọ gbà á ní ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn tàbí LUTH l'Ékòó gbọ́dọ̀ tètè wá ibi tí yóò máa sùn. Tó bá ti ràn, oògùn bíi doxorubicin ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ìbẹ̀rù kí wọ́n má gé ẹsẹ̀ ló ń mú kí ọ̀pọ̀ sá. Ìwádìí tí National Cancer Institute ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1982 fi hàn pé àwọn tí wọ́n yọ kókó fún, tí wọ́n sì fún ní ìtànṣán, ẹ̀mí wọn gùn tó ti àwọn tí wọ́n gé ẹsẹ̀ wọn.