Ìgbòkòdá àti ìrìn-àjò ojú omi ní ilẹ̀ Ìlàjẹ

Ìgbòkòdá jẹ́ ìlú ẹ̀bá omi ní ìhà gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, òun sì ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ. Etí Odò Olúwa ló wà. Èbúté rẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra lọ sí àwọn abúlé tó wà láàárín irà, ọ̀sà àti etí Òkun Àtìláńtíìkì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọkọ̀ ilẹ̀ kò sì lè dé. Yàtọ̀ sí ẹja àti edé, ohun méjì ló gbajúmọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó tó ń ṣe àbẹ̀wò sí ibẹ̀: gígun ọkọ̀ lójú omi, àti ògùrọ̀, ẹmu tí wọ́n ń dá lára igi inú irà.

Ọdún 1996 ni wọ́n dá Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ sílẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka 290,615 ènìyàn níbẹ̀. Yorùbá ni àwọn Ìlàjẹ, ẹ̀ka èdè wọn sì sún mọ́ ti Ìkálẹ̀, Oǹdó àti Ìjẹ̀bú. Àwọn Ìjọ Arógbò àti àwọn Àpọ́ì ni aládùúgbò wọn ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹsẹ̀-Odò. Lára àwọn ọba aládé ilẹ̀ náà ni Olúgbò ti Ùgbò àti Amapetu ti Màhín. Etíkun Màhín yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ òwò ará Jámánì kan, G. L. Gaiser, bá Amapetu tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lé lórí ní 1885. Kí ọdún náà tó parí, Jámánì ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì.

Kí títì tó dé, omi ni títì. Láti Èkó, ọkọ̀ lè gba ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kì wọ ilẹ̀ Ìlàjẹ, kó sì máa bá ipa omi lọ sí ìhà odò Bìní àti Wàrì láìfojú kan òkun gbangba. Ọ̀nà yìí ló jẹ́ kí àwọn Ìlàjẹ tàn ká etí omi láti Èkó títí dé ìhà Niger Delta. Ibi yòówù tí wọ́n bá tẹ̀dó sí, iṣẹ́ ẹja pípa àti ọkọ̀ wíwà ni wọ́n ń bá lọ.

Ọ̀nà láti Àkúrẹ́

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ yóò gba Oǹdó lọ sí Orè, níbi tí títì náà ti pàdé ọ̀nà márosẹ̀ Ṣágámù sí Bìní. Láti Orè, yóò yà sí Òkìtìpupa, lẹ́yìn náà ni Ìgbòkòdá. Ilẹ̀ ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń lọ. Àwọn òkè àpáta Àkúrẹ́ yóò pòórá, oko kòkó yóò dín kù, ọ̀pẹ yóò pọ̀ sí i, títí tí omi dúdú yóò fi hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lábẹ́ àwọn igi ògùrọ̀ tí imọ̀ wọn gùn ju ilé lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ sùn síbẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò nílé ní ìdájí.

Èbúté àti ọkọ̀

Ojú ibi tí ìlú náà ti ń mí ni èbúté rẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà, ọkọ̀ ń já ẹja tútù, ẹja yíyan àti àpò edé sílẹ̀, wọ́n sì ń ru gààrí, iṣu, epo bẹntiróòlù, páànù àti omi mímu padà sí àwọn abúlé. Ẹni tó ń wá ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí wọ́n kun ní ọ̀dà aláràbarà kò ní rí púpọ̀. Ọkọ̀ tí olùkọ́, aboyún àti oníṣòwò ẹja ń wọ̀ ni àlejò náà yóò wọ̀, èyí sì ni ó yẹ kí ó fẹ́, nítorí inú rẹ̀ ni yóò ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé níbẹ̀.

Ọkọ̀ onígi kékeré tí ẹnì kan tàbí méjì ń fi àjẹ̀ tù ló pọ̀ jù. Bí omi kò bá jìn, ọ̀pá gígùn ni wọ́n ń tì mọ́ ìsàlẹ̀ láti fi sún un síwájú. Àwọn ọmọdé ń fi irú rẹ̀ lọ sílé ìwé, àwọn obìnrin ń fi í kiri ọjà láti ẹnu ọ̀nà ilé kan dé òmíràn, àwọn apẹja sì ń fi í lọ wo ìgèrè àti àwọ̀n wọn. Ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi pákó kàn, tí ẹ́ńjìnnì wà nídìí rẹ̀, ló ń kó èrò àti ẹrù lọ sí ọ̀nà jíjìn. Àwọn ọkọ̀ ayára tún wà tí owó wọn ga jù. Bíi ti ọkọ̀ ilẹ̀, èrò gbọ́dọ̀ kún kí atukọ̀ tó ṣí i. Ẹni tó bá ń kánjú lè háyà gbogbo ọkọ̀ náà. Iye tí epo bẹntiróòlù bá ń lọ ló ń sọ iye owó ọkọ̀, nítorí náà ó yẹ kí a dúnàádúrà àlọ àti àbọ̀ pọ̀ kí a tó fẹsẹ̀ kan ọkọ̀.

Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Ìgbòkòdá, igbó irà ló ń kọ́kọ́ bò ó lọ́tùn-ún lósì. Lẹ́yìn náà ni ipa omi ń fẹ̀, igi ẹ̀gbà tí gbòǹgbò rẹ̀ ta sínú omi ń gba ipò igi ògùrọ̀, omi náà sì ń níyọ̀. Orí òpó ni wọ́n kọ́ ilé sí ní àwọn abúlé ibẹ̀. Afárá pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ló so ilé mọ́ ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé. Èéfín ẹja tí wọ́n ń yan ni àlejò sábà máa ń gbóòórùn kí ó tó rí ilé kankan.

Àwọn abúlé tí orúkọ wọn ní Síónì nínú kò ṣọ̀wọ́n, nítorí ìjọ aláṣọ funfun fẹsẹ̀ múlẹ̀ gan-an ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ní irú ibẹ̀, àlejò ní láti bọ́ bàtà bí wọ́n bá ní kó bọ́ ọ, kó má sì gbé ọtí jáde láìbéèrè, torí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọ wọ̀nyí ni ọtí jẹ́ èèwọ̀ fún.

Ayétòrò ló lókìkí jù nínú àwọn ìlú tí ọkọ̀ ń lọ. Ọdún 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ tí a mọ̀ sí Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ ẹ́ dó sétí òkun. Wọ́n kó ohun ìní wọn pọ̀, gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ fún àpò kan ṣoṣo, wọ́n ń kan ọkọ̀, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n sì ń rán bàtà. Ọba wọn, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Ògélóyìnbó, ni olórí ìlú àti olórí ìjọ. Ètò àpò kan náà kò wà bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ ṣì ń fa àwọn olùwádìí wá.

Àárọ̀ ló dára jù láti rin omi, nítorí afẹ́fẹ́ òkun sábà máa ń le sí i lọ́sàn-án, ìgbì á sì dìde. NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ipa omi abẹ́lé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1997, kò gba kí ọkọ̀ èrò rìn lálẹ́, ó sì pọn dandan kí èrò wọ ẹ̀wù tó ń mú ènìyàn léfòó. Kí àlejò má ṣe wọ ọkọ̀ tí wọ́n ti kó èrò kún àkúnjù, bó ti wù kí ilẹ̀ ti ń ṣú tó. Ewéko orí omi tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ àlùkò tún jẹ́ ìṣòro mìíràn. Ó wọ ipa omi gúúsù Nàìjíríà láti ìhà orílẹ̀-èdè Benin ní nǹkan bí 1984, ó ń dí ojú omi pa, ó sì ń lọ́ mọ́ ìdí ẹ́ńjìnnì.

Ògùrọ̀

Ara ọ̀pẹ ni ẹmu lásán ti ń wá. Ògùrọ̀ ní igi tirẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Raphia hookeri, tó ń hù nínú irà tí omi rẹ̀ kò níyọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni igi yìí ń yọ òdòdó láyé rẹ̀, tó bá sì ti so tán, ó ń kú. Gbogbo adùn tó ti ń kó jọ fún òdòdó náà ni adẹ́mu ń gbà. Bí ó bá tètè dá a jù, omi rẹ̀ kò ní pọ̀. Bí òdòdó bá ti yọ tán, ó ti pẹ́ jù. Ìmọ̀ àtiwo imọ̀ orí igi kí a sì mọ̀ pé àsìkò ti tó ni iṣẹ́ adẹ́mu gan-an, kì í ṣe gígùn igi nìkan.

Ọkọ̀ kékeré ni adẹ́mu ń tù wọ inú irà. Àkàbà ni ó sábà máa ń fi gun ògùrọ̀. Yóò gé àwọn imọ̀ tó yí orí igi ká kúrò, yóò dá ojú sí ọ̀mùnú rẹ̀, yóò sì gbé agbè tàbí kẹ́ẹ̀gì kọ́ sábẹ́ rẹ̀. Láàárọ̀ àti lálẹ́ ni yóò máa padà wá láti bẹ́ ojú náà fẹ́ẹ́rẹ́, kí omi má baà dí. Igi náà lè máa sun bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó tó gbẹ.

Ṣúgà tó wà nínú omi náà pọ̀, kò sì sí ẹni tó ń fi ìwúkàrà sí i. Ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ àti èyí tó ti lẹ̀ mọ́ agbè ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti orí igi, wọ́n ń sọ ṣúgà di ọtí, wọ́n sì ń mú kí ó hó. Ìdí nìyí tí ògùrọ̀ òwúrọ̀ fi ń dùn, tí ti ìrọ̀lẹ́ ń le, tí ti ọjọ́ kejì sì ń kan. Etí omi ló yẹ kí a ti mu ún. Èyí tó bá rìn dé Àkúrẹ́ tàbí Èkó ti yí padà lójú ọ̀nà, àwọn kan tó ń tà á sì ń bu omi àti sákárínì mọ́ ọn.

Ògùrọ̀ tó bá ti kan tàbí tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n ń sọ di ògógóró. Wọ́n á fi í sínú dúrọ́ọ̀mù fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á dáná sábẹ́ rẹ̀, ooru rẹ̀ á gba inú páìpù bàbà kọjá nínú omi tútù, yóò sì máa kán sínú ìgò. Ìjọba amúnisìn fòfin de é, wọ́n sì ń mú àwọn tó ń pọn ọ́n. Síbẹ̀ òun ni wọ́n fi ń ṣe àdúrà níbi ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ní ọ̀pọ̀ ilé. Àlejò ní láti ṣọ́ra pẹ̀lú rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ọ̀pọ̀ ènìyàn kú lójijì ní Òde-Ìrèlè, kò jìnnà sí Òkìtìpupa, ojú àwọn kan nínú wọn sì fọ́ kí wọ́n tó kú. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol, májèlé tó jọ ọtí, ló wà nínú ohun tí wọ́n mu. Àìmọ ẹni tó pọn ọtí kan tó láti kọ̀ ọ́.

Oúnjẹ

Púpurú, tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, tí wọ́n sì yan lórí iná, ni oúnjẹ Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù. Wọ́n ń fi ọbẹ̀ dúdú tí wọ́n fi ewé marúgbó sè jẹ ẹ́, pẹ̀lú ẹja tútù.

Òkun àti irà

Òkun ń jẹ etí ilẹ̀ yìí, kíákíá sì ni. Ní Ayétòrò, ilé, ọ̀nà àti ibi ìsìnkú ti wọ inú omi, ọ̀pọ̀ ará ìlú sì ti ṣí lọ. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ lónìí kò ní bá ìlú tí àwọn àwòrán àtijọ́ fi hàn. Ní ìhà Awoye, abúlé etí òkun mìíràn, ọ̀nà omi tí wọ́n là fún iṣẹ́ epo rọ̀bì jẹ́ kí omi òkun ráyè wọ irà tí kò níyọ̀ tẹ́lẹ̀, igbó rẹ̀ sì kú. Ògùrọ̀ kò lè fara da iyọ̀. Nítorí náà, ìhà àríwá, láàárín Ìgbòkòdá àti Òkìtìpupa, ni igi náà ti ṣì nípọn, bí ọkọ̀ bá sì ti ń sún mọ́ òkun ni ó ń tín-ín-rín.