Ìdánwò ajá agbẹ́yẹwá ti American Kennel Club

Ìdánwò ajá agbẹ́yẹwá ni ètò tí American Kennel Club, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń forúkọ irú ajá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1985 fún àwọn ajá tó máa ń lọ gbé ẹyẹ tí ọdẹ bá yìn lulẹ̀, yálà ó já sínú koríko tàbí sínú omi. Labrador Retriever àti Golden Retriever ló wọ́pọ̀ jù níbẹ̀. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe lílé ẹran. Ajá á jókòó jẹ́ẹ́ títí ìbọn á fi dún, títí ẹyẹ á fi já, títí wọ́n á fi rán an.

Kì í ṣe ìdíje. Ìlànà ni wọ́n fi ń díwọ̀n ajá kọ̀ọ̀kan, wọn kì í fi ajá wé ajá. Gbogbo àwọn tó wá lọ́jọ́ kan lè yege, gbogbo wọn sì lè fìdí rẹmi. Ajá tó bá ti pé oṣù 6 lè wọlé, àfi abo tó bá ń wá akọ lọ́wọ́.

Ìpele mẹ́ta ló wà. Ní Junior Hunter, ẹyẹ mẹ́rin ni ajá máa gbé, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: méjì lórí ilẹ̀, méjì nínú omi, tí kì í sábà jìnnà ju 100 yáàdì lọ. Wọ́n gbà kí ẹni tó ń darí rẹ̀ rọra fi okùn dá a dúró kó tó rán an. Ní Senior Hunter, okùn ọrùn ti kúrò. Ẹyẹ méjì á já tẹ̀ léra kí ajá tó kúrò lójú kan, wọ́n á sì fi ẹyẹ àìrí kún un, ìyẹn èyí tí wọ́n ti fi pamọ́ kí ajá tó dé. Master Hunter ló le jù: ẹyẹ tó ń já á pọ̀ sí i, a sì máa da ilẹ̀ pọ̀ mọ́ omi. Ní ìpele méjì tó kẹ́yìn yìí, ajá tún gbọ́dọ̀ jókòó wo ajá mìíràn tó ń ṣiṣẹ́, láìmira. Ó rọrùn láti sọ ju láti ṣe lọ.

Bí ajá bá dé ojú ìlà, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń rán an, ẹni tó wà lọ́ọ̀ọ́kán á fọn fèrè tó ń dún bíi pẹ́pẹ́yẹ, ìbọn á dún, wọ́n á ju ẹyẹ sókè, á sì já. Adájọ́ á pe nọ́ńbà ajá náà. Ẹni tó bá rán ajá kó tó gbọ́ nọ́ńbà ti ṣàṣìṣe. Fún ẹyẹ tí ajá rí, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sábà fi ń rán an. Ti ẹyẹ àìrí yàtọ̀: olùdarí á fọn fèrè tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ajá á dúró, á kọjú sẹ́yìn, wọ́n á sì fi ọwọ́ júwe fún un bóyá ọ̀tún, òsì tàbí iwájú.

Adájọ́ méjì ló ń fún un ní máàkì, láti 0 dé 10, lórí bó ṣe rántí ibi tí ẹyẹ já sí, ìtara rẹ̀, ìforítì rẹ̀ àti ìgbọràn rẹ̀. Ìpíndọ́gba gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 7 lọ, ti ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 5 lọ. Kó yege lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó gba oyè Junior; Senior jẹ́ ẹ̀ẹ̀marùn-ún, Master jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ẹni tó bá ti ní oyè ìpele tó ṣáájú á yọ ẹ̀ẹ̀kan kúrò.

Ẹyẹ tó kọ́kọ́ já ló máa ń ṣòro jù nínú méjì. Èyí tó já kẹ́yìn ni ojú ajá ṣì wà lára rẹ̀, òun ló sì fẹ́ lọ gbé. Bó bá pẹ́ níbẹ̀, èkínní á ti máa parẹ́ lọ́kàn rẹ̀.

Omi ló ń tú àṣírí ajá. Ajá tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ yá ju lílúwẹ̀ẹ́ lọ á sáré yí bèbè ká. Níbẹ̀ ni yóò ti kúrò lójú ọ̀nà tó ti rí ẹyẹ, kò sì ní mọ ibi tó já sí mọ́. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ náà ń gbé e yà. Èyí tí kò tíì mọ ère pẹ́pẹ́yẹ onírọ́bà tó léfòó, èyí tí ọdẹ fi ń tan ẹyẹ, lè gbé ère bọ̀, tàbí kí okùn rẹ̀ lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé bí ajá bá ti jáde lómi, á ju ẹyẹ sílẹ̀ kó lè gbọn ara, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ni wọ́n fẹ́ kó fi í lé. Nígbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́, olùdarí á dúró sí etí omi gan-an, á gba ẹyẹ kí ajá tó gbọn ara, á wá máa sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́.

Ajá tó ń rún ẹyẹ mọ́nu kò níyì. Adájọ́ á fi ìka tẹ egungun ìhà ẹyẹ wò bóyá ó ti fọ́, ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìbọn tàbí ẹ̀rọ tó jù ú sókè ló bà á jẹ́, nítorí ẹyẹ kan lè ti gba ẹnu ajá bíi mélòó kan kọjá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.