Páwà mítà kẹ̀kẹ́: èwo ni kẹ́ni tówó ẹ̀ ò pọ̀ kọ́kọ́ rà?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tá à ń sọ ná. Páwà mítà ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sára kẹ̀kẹ́ ológeere tó máa ń sọ iye agbára tẹ́sẹ̀ yín ń kó sínú kẹ̀kẹ́ yẹn, wáàtì ló fi ń kà á, wáàtì kan náà tí wọ́n ń kọ sára gílóòbù àti fáànù. Eré kẹ̀kẹ́ ò kàn án rárá. Eré lè tan èèyàn jẹ dáadáa, ẹni tó bá gba ọ̀nà Bódè-Sáàdú lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ á máa gbá a lójú láti Ìlọrin títí tó máa fi débẹ̀, 19 kílómítà ní wákàtí kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, kó wá yíjú padà sílé báyìí, afẹ́fẹ́ yẹn náà á máa tì í lẹ́yìn, á bẹ̀rẹ̀ sí í rí 33, 35, á ní òun ti dàgbà lẹ́nu kẹ̀kẹ́. Ẹsẹ̀ tó gbé e lọ náà ló gbé e bọ̀ o.

Ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn, tí wọ́n ń dè mọ́ àyà, ìyẹn náà dáa, mi ò ní pẹ̀gàn ẹ̀, àmọ́ ọkàn máa ń pẹ́ kó tó dáhùn, ẹ ti lè gun òkè kékeré kan tán kó tó gbéra. Oorun tẹ́ ẹ ò sùn tó, omi tẹ́ ẹ ò mu, oòrùn ọ̀sán Ìlọrin tó ń sun èèyàn lórí, gbogbo ẹ̀ ló ń dá sí i. Ti wáàtì ò rí bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ 200, 200 náà ni, yálà ara yín dá tàbí kò dá.

Báwo ló ṣe ń mọ̀ ọ́n? Nǹkan tín-ín-rín kan wà tí wọ́n ń pè ní strain gauge, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin tí ẹsẹ̀ yín ń tì, irin yẹn tẹ́ ẹ rò pé kò lè tẹ̀, ó ń tẹ̀, ojú ò kàn lè rí i ni, strain gauge á wá mọ bó ṣe tẹ̀ tó. Ẹ̀rọ yẹn á tún ka iye ìgbà tí pẹ́dà yí po ní ìṣẹ́jú kan. Bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó àti bó ṣe ń yí kíá tó, ó máa sọ méjèèjì di ìlọ́po ara wọn, wáàtì nìyẹn. Ẹ wò ó báyìí: ká ní apá kíráǹkì yín, ìyẹn irin tí pẹ́dà so mọ́, gùn tó 170 mm, ẹ sì ń yí i ní 90 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ tó lè rí 200 wáàtì, bíi kílò 12 àtààbọ̀ lẹ máa máa fẹsẹ̀ tì láìdáwọ́ dúró. Tẹ́ ẹ bá lọ sí jíà tó wúwo, tẹ́ ẹ wá ń yí i ní 60, 200 yẹn náà máa gba bíi kílò 19. Iye kan náà ló máa hàn lójú mítà, orúnkún yín ló máa mọ̀ pé wọn ò dọ́gba.

Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Ulrich Schoberer ló dá ilé iṣẹ́ SRM sílẹ̀ ní 1986, òun ló mú nǹkan yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun, nígbà yẹn ẹni tí ò bá ní ilé iṣẹ́ tó ń sanwó fún un ò lè dábàá ẹ̀. Báyìí Canada ń ṣe é, Ítálì ń ṣe é, Ṣáínà náà ti wọ̀ ọ́, owó ẹ̀ ti wálẹ̀, kì í ṣe pé ó ti wá di pọ̀ọ́kú o, ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ eléyìí.

Tẹ́nì kan bá ní "ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n rà," ohun tí mo máa ń sọ ni pé àbúrò, má tíì wo orúkọ kankan, lọ mú àkísà, nu ẹ̀yìn apá kíráǹkì ẹ, ìyẹn apá tó kọjú sí férémù, nu gírísì àti eruku ibẹ̀ kúrò dáadáa. Tó bá jẹ́ ti Shimano, ilé iṣẹ́ Japan tó ń ṣe ẹ̀yà kẹ̀kẹ́, wàá rí nǹkan tí wọ́n kọ síbẹ̀, bíi FC-5800, wàá tún rí 170 tàbí 172.5 tàbí 175, bó ṣe gùn tó nìyẹn. Wo ibi tí apá òsì ti wọ ààkìsù: tó bá jẹ́ bóòtù kékeré méjì ló fún un, tí ọmọrí ike kan sì wà láàrin, orí ti bá ẹ ṣe é nìyẹn, torí irú ìyẹn, Allen key 5 mm ló máa tú u, ọmọrí yẹn ní irinṣẹ́ ike kékeré tirẹ̀, ẹ yọ apá àtijọ́, ẹ fi èyí tó ní mítà sí i, ó parí. Bóòtù méjèèjì yẹn, 12 sí 14 Nm (bí wọ́n ṣe ń wọn agbára tí wọ́n fi ń di bóòtù) ni Shimano ní kí wọ́n dì í mọ, kí mẹkáníìkì má lọ fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn bí ẹni ń tú táyà tírélà.

Ó kàn jẹ́ pé ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ tá à ń rà níbí, kíráǹkì onígun mẹ́rin ló wà lára wọn, bóòtù ńlá kan ṣoṣo láàrin. Apá onímítà tó máa wọ irú ẹ̀ ṣòroó rí. Raleigh àtijọ́ tí wọ́n fi píìnì gún kíráǹkì ẹ̀ mọ́lẹ̀, èyí tí àwọn bàbá wa fi ń lọ oko nílẹ̀ Ìgbómìnà, ẹ fi sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ẹni tí kíráǹkì ẹ̀ jẹ́ carbon náà ò lè lẹ ohunkóhun mọ́ ọn bó ṣe fẹ́.

Pẹ́dà tí mítà wà nínú ẹ̀ ló wá máa ń gba irú àwọn bẹ́ẹ̀ là, torí ojú ihò pẹ́dà fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu lára gbogbo kẹ̀kẹ́ àgbàlagbà tó nílàárí. Favero Assioma ti Ítálì ni mo rí tí wọ́n ń gbóríyìn fún jù, Uno ń wọn ẹsẹ̀ òsì nìkan, Duo ń wọn méjèèjì, ẹ lè ra Uno lónìí kẹ́ ẹ wá fi apá ọ̀tún kún un lọ́jọ́ tówó bá dé, mo fẹ́ràn ìyẹn. Ó tún rọrùn láti gbé láti orí kẹ̀kẹ́ kan sí òmíràn, ẹ sáà má gbàgbé pé òdìkejì ni wọ́n ń tú pẹ́dà òsì. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, pẹ́dà yẹn ò gba kánfáàsì tàbí sálúbàtà, bàtà tó ní cleat tó ń há mọ́ pẹ́dà lẹ máa wọ̀, owó ọ̀tọ̀ nìyẹn, kẹ́ ẹ tún wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ ẹsẹ̀ ní Post Office níbi tí Màrúwà ti lè já wọ iwájú yín nígbàkigbà. Ẹni tó bá ń fi bàtà lásán gun kẹ̀kẹ́, tó ní òun ò ṣetán láti yí i padà, kó padà sídìí apá kíráǹkì.

Èyí tó wà láàrin kíráǹkì níbi tí jíà iwájú so mọ́, Quarq, Power2Max, Sigeyi AXO ti Ṣáínà, ó ń wọn ẹsẹ̀ méjèèjì pa pọ̀, ó dáa gan-an, ṣùgbọ́n kíráǹkì tó bá a mu gbọ́dọ̀ wà. Ti inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn náà wà, PowerTap, SRAM rà á ní 2019, wọn ò ṣe họ́ọ̀bù yẹn mọ́, tẹ́ ẹ bá rí tòkúnbọ̀ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kásẹ́ẹ̀tì yín, ìyẹn àwọn jíà ẹ̀yìn, máa wọ̀ ọ́.

Nítorí náà, fún ẹni tó ní Shimano oníbóòtù méjì yẹn, apá òsì nìkan ni màá ní kó rà, 4iiii ti Canada tàbí Stages tòkúnbọ̀, ó máa ń wà ní bíi dọ́là 250 sí 400, kẹ́ ẹ tó wá fi owó ìgbéwá àti kọ́sítọ́ọ̀mù kún un. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàrin apá òsì àti férémù níbi tó sún mọ́ra jù, tí ò bá tó bíi 10 mm, mítà lè máa họ férémù.

Ẹ máa gbọ́ tí wọ́n á ní "òsì nìkan ò dáa, irọ́ ló ń pa." Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ló ń wọn, ó wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ká ní òsì yín ń mú 94 wá, ọ̀tún ń mú 106 wá, 200 lẹ ṣe, mítà á ní 188. Kí wá ni? Ìyá tó ń ta gàrí ní Ọjà-Ọba, tí kọ́ńgò ẹ̀ bá tiẹ̀ kéré díẹ̀, tó bá sáà jẹ́ kọ́ńgò yẹn náà ló ń lò lójoojúmọ́, ẹ mọ iye tẹ́ ẹ máa rà tó máa tó ilé jẹ, ẹni tó ń pààrọ̀ kọ́ńgò lẹ́yìn ló ń jà yín lólè. Oṣù tó kọjá 188, oṣù yìí 199, ẹsẹ̀ yín ti le sí i nìyẹn, ká má ṣe ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ibi tí mo ti máa gbà fún wọn ni pé ìyàtọ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì máa ń yí tó bá ti rẹ èèyàn, ẹni tó sì ti dá lẹ́sẹ̀ rí tàbí tí orúnkún kan ń yọ lẹ́nu, kó sapá ra èyí tó ń wọn méjèèjì. Ní ti 1% àti 2% tí wọ́n ń kọ sára páálí, ìyẹn bí mítà ṣe lè ṣìnà tó, lórí 200 wáàtì, ìyàtọ̀ wáàtì 2 àti wáàtì 4 ni, mi ò rí ìdí tẹ́nì kan á fi tìtorí ẹ̀ yá owó.

Ohun tó ń ba mítà jẹ́ lọ́wọ́ èèyàn ju ìyẹn lọ ni zero offset tí wọn kì í ṣe, ìyẹn kí wọ́n jẹ́ kí mítà mọ ibi tí òdo wà nígbà tí ẹsẹ̀ ò tẹ̀ ẹ́. Irin máa ń yí padà tí ooru tàbí òtútù bá mú un, strain gauge á sì rò pé ẹsẹ̀ ló ń tì í. Ní àárọ̀ ọyẹ́ tẹ́ ẹ gbé kẹ̀kẹ́ láti inú yàrá bọ́ sí òtútù ìta, tàbí tẹ́ ẹ sá a sóòrùn ní Tankẹ́ kẹ́ ẹ tó gùn ún, ẹ jẹ́ kó dúró bíi ìṣẹ́jú 10 sí 15 níbi tẹ́ ẹ ti máa gùn ún, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ nàró, kí ẹsẹ̀ má sí lórí pẹ́dà, ẹ gbé apá kíráǹkì sí ibi tí ìwé ẹ̀ bá wí, ọ̀pọ̀ ló máa ní kẹ́ ẹ dojú ẹ̀ kọlẹ̀, ẹ wá tẹ calibrate lórí fóònù. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Nọ́ńbà tó bá gbé jáde, ẹ máa fojú sí i, tó bá ń sún díẹ̀díẹ̀ kò burú, ọjọ́ tó bá fò sókè ṣàdéédéé láìsí ìdí, ẹ lọ yẹ bóòtù yẹn wò.

Tẹ́ ẹ bá sì ń fura sí i pé kò sọ òótọ́, ẹ wá òkè tó ga dáadáa lápá Òmù-Àrán tàbí Òkè-Onígbìn, èyí tẹ́ ẹ mọ bó ṣe ga tó láti orí máàpù, ẹ má fi ti GPS fóònù ṣe. Ká ní ẹ̀yin àti kẹ̀kẹ́ jẹ́ kílò 80, ẹ gun mítà 30 sókè ní ìṣẹ́jú 2: 80 lọ́nà 9.8 lọ́nà 30, ẹ pín in sí ìṣẹ́jú àáyá 120, 196 wáàtì nìyẹn. Mítà yín gbọ́dọ̀ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, torí táyà àti afẹ́fẹ́ náà ń jẹ tiwọn. Tó bá ní 130, ó níbi tó ti ń ṣe é.

Mítà yìí ò ní ojú tirẹ̀ o, fóònù tàbí kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́ lẹ máa fi wò ó. Bluetooth ló ń bá fóònù sọ̀rọ̀, ANT+ wà fún àwọn kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́, èyí tó ní méjèèjì ni kẹ́ ẹ rà. Kì í ṣe gbogbo áàpù ló ń ka wáàtì láti ara mítà, òmíràn kàn ń ro ó ni, ó ń fi eré yín àti bí ilẹ̀ ṣe ga ṣírò, ó ń sọ bó ṣe wù ú tí afẹ́fẹ́ bá ti dé, ẹ yẹ tiyín wò.

Tó bá ti wà lára kẹ̀kẹ́, iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ fi í ṣe ni pé kẹ́ ẹ mọ FTP yín, ìyẹn iye wáàtì tẹ́ ẹ lè gbé fún bíi wákàtí kan láìdákú. Ẹ jáde láàárọ̀ kùtù Sunday kí tírélà tó pọ̀, kẹ́ ẹ kọjá Ìdófìàn, ojú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo, ẹ gbóná ara dáadáa, kẹ́ ẹ wá fi ìṣẹ́jú 20 tẹ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní. Ẹ mú 95% nínú ohun tó jáde, 210 á di bíi 200. Ìyẹn lẹ máa fi mọ èyí tó jẹ́ rọra àti èyí tó jẹ́ le fún ara yín, kì í ṣe fún ti ọ̀rẹ́ yín.

Ẹni tí kì í gùn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀, tí ò sì ní in lọ́kàn láti ṣe ìdánrawò kankan, kó ra ẹ̀rọ ìlù ọkàn tí wọ́n ń dè mọ́ àyà, kó fi owó tó kù ra táyà tó dáa àti akoto. Mi ò bínú sí ẹni tó bá rà á tìtorí fáàrí náà, owó ẹ̀ ni.

Tòkúnbọ̀ ńkọ́? Kẹ́ni tó ń tà á fi fídíò ẹ̀ ránṣẹ́ níbi tó ti ń ṣe zero offset léraléra, kí nọ́ńbà yẹn máa sún mọ́ra wọn. Ẹ wo ilé bátìrì ẹ̀ bóyá ó ti dípẹtà, òjò ló máa ń tibẹ̀ wọlé, tí ọmọrí ẹ̀ bá sì ti sán, ẹ bi í bóyá a ṣì lè rí òmíràn rà. Ọ̀pọ̀ wọn, bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 ni wọ́n ń lò, èyí tó wà nínú rìmóòtù ọkọ̀, ẹ ní kí àwọn tó ń tún aago ṣe tà á fún yín, kẹ́ ẹ fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wò ó níwájú wọn bóyá ó pé 3 fóòtì, torí èyí tó ti kú lórí àtẹ náà pọ̀ níbẹ̀.