Ikọ́ Tó Pẹ́ Kó Tó Lórúkọ

Ẹni tó bá ti jọ̀ èlùbọ́ rí mọ bó ṣe máa ń gbéra sókè bí èéfín. Inú èéfín yẹn ni àǹtí mi, àbúrò ìyá mi tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Jagun, Ògbómọ̀ṣọ́, ti wà láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Asíímà sì ti ń bá a fínra tipẹ́. Lọ́dún kan, ikọ́ rẹ̀ yí padà. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ líle tó dúdú bí àmàlà ló ń jáde. Ilé ìwòsàn kan yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò rí kòkòrò TB, síbẹ̀ wọ́n ní TB ni, torí òjìji tó wà nínú x-ray rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ló fi gbé oògùn mì. Ikọ́ ò lọ.

Dókítà mìíràn ló wá sọ fún un pé ABPA ni, àìsàn tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ń fà, irú fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń mú kí gbodo bu. Àǹtí mi ní, "Dókítà, ṣé èlùbọ́ ti wá ń bu nínú àyà mi ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ẹ ò jìnnà sí i."

Orúkọ fọ́ńgọ́ọ̀sì náà ti wà tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ àìsàn yìí. Lọ́dún 1729, Pier Antonio Micheli, onímọ̀ ewéko ará Ítálì, wò ó lábẹ́ maikirosíkópù, ó rí i pé ó dà bí ohun tí fáda ìjọ Àgùdà fi ń wọ́n omi mímọ́. Aspergillum ni wọ́n ń pe ohun èlò yẹn ní Látìn, ló bá pè é ní Aspergillus. Lọ́dún 1842, John Hughes Bennett rí fọ́ńgọ́ọ̀sì nínú ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn kan ní Edinburgh. Nígbà tó di 1863, Fresenius ará Jámánì sọ irú rẹ̀ tó ń yọ èèyàn lẹ́nu jù ní fumigatus, ìyẹn ni pé àwọ̀ èéfín ló ní. Ẹ ò rí i pé èéfín náà ni èmi fi bẹ̀rẹ̀.

Párísì ni ìtàn yìí ti dùn mọ́ mi jù. Iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ láyé ìgbà yẹn, iṣẹ́ àwọn tó ń fi ẹnu bọ́ ẹyẹlé. Wọ́n á kó ọkà àti omi sẹ́nu, wọ́n á ki ẹnu ẹyẹlé bọ ẹnu tiwọn, wọ́n á fẹ́ ọkà sí i lọ́fun, ẹyẹlé tẹ̀ lé ẹyẹlé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tó yá, wọ́n ń hukọ́, ẹ̀jẹ̀ ń bá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn jáde, wọ́n sì ń rù. Ta ni ò ní pè é ní TB? Ṣùgbọ́n Robert Koch ti fi kòkòrò TB han ayé ní 1882, ó ti wá ṣeé ṣe kéèyàn wá a kó sì sọ pé kò sí níbẹ̀. Àwọn dókítà Dieulafoy, Chantemesse àti Widal ròyìn rẹ̀ ní 1890: Aspergillus ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n pe àìsàn náà ní TB èké. Ohun tí Párísì ti mọ̀ láti 1890 ni ilé ìwòsàn tó kọ́kọ́ tọ́jú àǹtí mi gbàgbé.

Ní 1907, Dókítà George Green, oníṣègùn ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, iṣẹ́ tó di ilé ìwòsàn Yunifásítì Bowen lónìí. Ẹni tó bá gbé irú ikọ́ àǹtí mi lọ bá a, orúkọ wo ni ì bá fún un? Ó ku ọdún 45 kí ABPA tó ṣe àǹtí mi tó lórúkọ.

Lọ́dún 1952, ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn dókítà Hinson, Moon àti Plummer fi yé ayé pé Aspergillus kì í bá èèyàn jà lọ́nà kan ṣoṣo. Fọ́ńgọ́ọ̀sì lè wọnú ẹran ara kó máa jẹ ẹ́. Ó sì lè má jẹ nǹkan kan. Gbogbo wa là ń mí i símú lójoojúmọ́, láti orí àkìtàn, láti ilé adìẹ, láti ara ọkà tí omi wọ̀. Ṣùgbọ́n ó dà bí èèwọ̀ fún ara àwọn kan, pàápàá àwọn alásíímà. Yóò jókòó sínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn, ara yóò sì máa bá a jà títí ọ̀nà èémí fúnra rẹ̀ á fi bàjẹ́, bí ẹni tó dáná sunlé torí eku. Òjìji inú x-ray a máa ṣí nípò: lónìí ó wà lápá ọ̀tún, tó bá ṣe díẹ̀ ó ti dé apá òsì. ABPA (allergic bronchopulmonary aspergillosis) tó ṣe àǹtí mi nìyẹn.

Láti mọ̀ ọ́n, Jack Pepys àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ń kán omi fọ́ńgọ́ọ̀sì sára awọ, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún ibẹ̀ díẹ̀, wọ́n á sì wò bóyá yóò wú. Láàárín 1966 sí 1968 ni wọ́n rí IgE nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn èròjà tí ara fi ń bá ohun tó kà sí èèwọ̀ jà, tí wọ́n sì fún un lórúkọ: Kimishige àti Teruko Ishizaka, tọkọtaya ará Japan, rí i ní Amẹ́ríkà, Johansson àti Bennich rí i ní Sweden. Ibi tí IgE bá ga dé ni dókítà ń wò títí dòní. Tẹ́lẹ̀, 1000 IU/mL ni wọ́n fi ṣe ààlà. Ní 2024 wọ́n sọ ọ́ di 500. Nílẹ̀ tiwa, aràn inú náà lè gbé e ga, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà yẹn nìkan kò fi tó, tí wọ́n fi ń wá IgE tó dojú kọ Aspergillus gan-an.

Ní ti oògùn, prednisolone ló ń pẹ̀tù sí ìbínú ara. Ní 2000, wọ́n tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde tí wọ́n ṣe pẹ̀lú èèyàn 55: ọ̀sẹ̀ 16 ni àwọn kan fi lo itraconazole, oògùn tó ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì, ó sì ran nǹkan bí ìdajì wọn lọ́wọ́ láti dín prednisolone kù. Dókítà ló gbọ́dọ̀ dà wọ́n pọ̀ o, torí itraconazole lè mú kí agbára àwọn oògùn asíímà kan tí à ń fà símú pọ̀ jù nínú ara.

Àǹtí mi ò kúrò lọ́jà. Ó ń fi nǹkan bo imú tó bá ń jọ̀ èlùbọ́, gbodo tí òjò bá pa kì í sì í wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́. Mo sọ ìtàn àwọn abọ́yẹlé Párísì fún un lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní irọ́ ni mò ń pa. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá bi í pé àìsàn wo ló ṣe é lọ́jọ́sí, á ní, "TB èké ni."