Ṣé Lóòótọ́ Ni Wọ́n Ń Rí Háídírójìn Nínú Irin?

Bí ọ̀rọ̀ páìpù háídírójìn tàbí irin tó ṣàdédé là bá ti délẹ̀, ẹnì kan á ṣáà sọ pé kí wọ́n gbé irin náà sábẹ́ maikirosikóòpù tó lágbára, wọ́n á rí ibi tí háídírójìn fara pamọ́ sí. Ó ti sú mi. Pé háídírójìn ń ba irin jẹ́ kò sí nínú àríyànjiyàn. Láti 1875 ni William Johnson ti gbé e síwájú Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù. Rírí rẹ̀ ni ìṣòro. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ni átọ́ọ̀mù háídírójìn ní, ti irin ní 26, nítorí náà X-ray àti maikirosikóòpù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìtànṣán níútírọ́ọ̀nù mọ̀ ọ́n dáadáa, àmọ́ àwòrán rẹ̀ kò dé orí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Tritium, ìyẹn háídírójìn tó ń tú ìtànṣán jáde, a máa fara hàn lórí fíìmù, ṣùgbọ́n èyí tó wà lójú irin nìkan.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní atom probe ló sún mọ́ ọn jù. Wọ́n á gbẹ́ irin ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, wọ́n á fi agbára iná fa átọ́ọ̀mù kúrò lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fi àkókò tó fi fò mọ bó ṣe wúwo tó. Ó dára. Ṣùgbọ́n háídírójìn ti wà nínú ẹ̀rọ yẹn fúnra rẹ̀: ògiri rẹ̀, tí í ṣe irin tí kì í dípẹtà, ń tú u jáde díẹ̀díẹ̀, bó ti wù kí wọ́n fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tó. Èwo wá ni ti irin, èwo ni ti ògiri?

Wọ́n á ní ẹ lo deuterium, ìyẹn háídírójìn tó wúwo ní ìlọ́po méjì. Nínú mílíọ̀nù kan átọ́ọ̀mù háídírójìn, nǹkan bí 156 péré ló jẹ́ deuterium, nítorí náà èyí tí a bá rí, àwa la fi síbẹ̀. Ó dùn létí. Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Bí a bá ka háídírójìn lásán sí 1, deuterium wúwo tó 2. Háídírójìn méjì tó so pọ̀ náà wúwo tó 2. Ìyàtọ̀ wọn kò ju nǹkan bíi 0.0015 lọ, ẹ̀rọ náà kì í sì í sábà yà wọ́n. Ẹ bọ́ sí 3: ṣé deuterium kan pẹ̀lú háídírójìn kan ni, àbí háídírójìn mẹ́ta? Èyí tó tún wá burú ni pé bí wọ́n ṣe ń so pọ̀ ń yí padà bí agbára iná ẹnu abẹ́rẹ́ náà bá yí padà, agbára yẹn sì máa ń yàtọ̀ níbi tí carbide, ìyẹn hóró kéékèèké tí káábọ̀nù àti mẹ́tàlì para pọ̀ di, wà nínú irin. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti ń wá deuterium! Mo kàn ń sọ ni o.

Ní 2017, àwọn olùṣèwádìí ní Yunifásítì Oxford gbé irin tí wọ́n ti fi deuterium kún wọ inú ẹ̀rọ ní tútù nini kó má baà sá lọ, wọ́n sì fi hàn pé inú carbide ló wà. Mo gbà wọ́n, dé ìwọ̀n kan. Deuterium ni wọ́n rí, ó sì ń rìn jẹ́jẹ́ ju háídírójìn lásán lọ nínú irin. Ó ṣeé ṣe kí ibùba wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Ó tilẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá wá rí àwòrán tó kún fún àmì pupa, tí wọ́n ní háídírójìn nìyí, ẹ béèrè irin kejì, èyí tí wọn kò fi deuterium sí. Ṣé wọ́n gbé òun náà sínú ẹ̀rọ kan náà, pẹ̀lú agbára iná kan náà? Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì torí àwòrán yẹn ra páìpù.